Bí A Ṣe Ń Fi Struct Ba Fáìlì Jẹ́: Ìwé Atọ́nà fún Ọ̀dẹ̀

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni mo kọ ìwé yìí fún. Bí o bá jẹ́ ẹni tó máa ń wo ilẹ̀ kó tó gbẹ́sẹ̀, tó máa ń ka ìwé àlàyé tó bá fáìlì wá, tó sì máa ń ní kí kọ̀ǹpáílà ka iye báìtì fún òun, máa bá tìrẹ lọ. Ẹni tí mò ń bá wí ni ìwọ tó gbà pé ohun tó o bá kọ ní C náà ni kọ̀ǹpútà á ṣe láìfi kún un, tó o sì gbà pé ọ̀nà tó yá jù láti ka fáìlì ni kéèyàn kọ struct kan, kó da fáìlì sínú rẹ̀ gìrì, kó sì lọ jẹun. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ dára. Ohun tó kù ni kí n tọ́ ọ sọ́nà, kó má baà di pé o ṣèèṣì ṣe é re.

Ìgbésẹ̀ kìíní: gbà pé struct náà ni fáìlì

Wá fáìlì àwòrán BMP kan. BMP dára fún iṣẹ́ yìí torí pé ó ti pẹ́ láyé, orí rẹ̀ kò sì gùn. Báìtì méjì àkọ́kọ́ jẹ́ lẹ́tà B àti M. Mẹ́rin tẹ̀ lé e tó ń sọ bí fáìlì ṣe tóbi tó. Méjì wà tí wọ́n fi pamọ́, méjì mìíràn tún wà tí wọ́n fi pamọ́, mẹ́rin ló sì gbẹ̀yìn, ìyẹn ló ń sọ ibi tí àwòrán gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Ro ó pọ̀, ó jẹ́ 14. Kọ ọ́ báyìí:

struct OriBMP {
    uint16_t iru;
    uint32_t iwon;
    uint16_t ipamo1;
    uint16_t ipamo2;
    uint32_t ibere;
} ori;

fread(&ori, sizeof ori, 1, f);

Ó mọ́, ó dán. Bí o bá ní kí ètò náà tẹ iye sizeof ori sójú ẹ̀rọ, 16 lo máa rí, ì báà ṣe gcc, ì báà ṣe clang, ì báà ṣe kọ̀ǹpáílà Microsoft. Nítorí náà, má tẹ̀ ẹ́.

Ibo ni méjì ti wọlé? Ronú ọkọ̀ èrò tí ìjókòó kọ̀ọ̀kan gba èèyàn mẹ́rin. Ìdílé ẹlẹ́ni-mẹ́rin kan fẹ́ wọ̀ ọ́, wọ́n sì ti búra pé àwọn ò ní pín sórí ìjókòó méjì. Bí èèyàn méjì bá ti jókòó síwájú, kọ̀ńdọ́kítọ̀ á fi àyè méjì tó kù sílẹ̀ lófìfo, á kó ìdílé náà lọ sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpáílà ṣe: iru gba báìtì méjì, àlàfo gba méjì, iwon tó jẹ́ báìtì mẹ́rin wá bẹ̀rẹ̀ láti ipò 4. Ó ń ṣe é torí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń yára ka nọ́ńbà báìtì mẹ́rin tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ipò tí mẹ́rin lè pín, àwọn ẹ̀rọ kan ò tiẹ̀ ní kà á rárá tó bá bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn. Òfin C kò gba kọ̀ǹpáílà láyè láti pa ipò àwọn ẹ̀ka struct dà, kò sì gbà kó fi àlàfo síwájú èyí àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó fàyè gba àlàfo láàárín wọn àti lẹ́yìn wọn. Fáìlì orí dísìkì ò mọ̀ sí gbogbo ètò yìí. Báìtì 14 rẹ̀ tò tẹ̀ léra wọn láìsí ibi tó ṣófo.

Ibi tó dùn nìyí. Mú àwòrán kan tó fẹ̀ tó píksẹ́lì 640, tó ga tó 480, tí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan gba báìtì mẹ́ta. Àwòrán fúnra rẹ̀ jẹ́ báìtì 921,600. Orí méjì ló ṣáájú rẹ̀, èyí àkọ́kọ́ jẹ́ 14, ìkejì jẹ́ 40. Àpapọ̀ fáìlì wá jẹ́ 921,654. Lórí dísìkì, bí wọ́n ṣe kọ nọ́ńbà yẹn nìyí: 36 10 0E 00, torí pé báìtì tó kéré jù nínú nọ́ńbà ni BMP kọ́kọ́ máa ń kọ.

Wá da fáìlì náà sínú struct rẹ. B àti M bọ́ síbi tó yẹ kí wọ́n bọ́ sí, inú rẹ dùn. 36 àti 10 jábọ́ sínú àlàfo, ó di gbére. 0E àti 00, pẹ̀lú òdo méjì tí wọ́n fi pamọ́, ló wọ inú iwon. 0E sì jẹ́ 14. Fáìlì tó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta báìtì dìde dúró, ó ní báìtì 14 lòun. Ẹlòmíràn á fura. Ìwọ á pàtẹ́wọ́, ṣebí 14 ni orí BMP lóòótọ́, a jẹ́ pé ètò rẹ tiẹ̀ gbọ́n ju bó o ṣe rò lọ nìyẹn. (Bí fáìlì bá kéré sí báìtì 65,536, òdo ni iwon máa sọ. Kí ìyẹn náà má dà ọ́ láàmú. Fáìlì tó fúyẹ́ ni.)

ibere ńkọ́? 54 ló yẹ kó jẹ́. Àmọ́ 54 ti lọ jókòó sínú ipamo2 níbi tẹ́nikẹ́ni kì í yẹ̀ wò. Òdo méjì tó yẹ kó tẹ̀ lé e ni ibere rí gbé, ó so ó mọ́ 40 tó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ orí kejì, ó wá pe ara rẹ̀ ní 2,621,440. Ní kí fseek gbé ọ lọ síbẹ̀. fseek ò ní bá ọ jà, á gbé ọ kọjá òpin fáìlì lọ síbi tí kò sí nǹkan kan. fread tó bá tẹ̀ lé e á dá òdo padà, ìyẹn ni pé kò rí nǹkan kà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í fi wo ohun tí fread bá dá padà.

O lè sọ pé inú ìwé Microsoft lo ti da struct náà kọ, níbi tí wọ́n ti pè é ní BITMAPFILEHEADER, àti pé kò sí bí Microsoft ṣe lè ṣi tirẹ̀ kà. Òótọ́ ni, Microsoft ò ṣì í kà. Lókè struct yẹn nínú wingdi.h, ìlà kan wà tó pe pshpack2.h, tó ń kìlọ̀ fún kọ̀ǹpáílà pé ipò tí méjì bá ti lè pín tó fún ẹ̀ka yòówù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ 14 lórí Windows. Ìwọ da struct kọ, o fi ìlà yẹn sílẹ̀. O ṣe dáadáa. Ó ku kí o gbé kóòdù náà lọ sórí Linux alábíìtì-64, kí o sì sọ pé DWORD, orúkọ tí Microsoft fún nọ́ńbà báìtì mẹ́rin inú struct náà, jẹ́ unsigned long, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nínú ìwé tìwọn. Lórí Windows, unsigned long jẹ́ báìtì mẹ́rin. Lórí Linux yẹn, ó jẹ́ mẹ́jọ. Struct tó yẹ kó jẹ́ 14 á wú di 32. Nínú gbogbo ọ̀nà tó wà láti ba fáìlì jẹ́, èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí pé bí o bá gbé kóòdù méjèèjì síra wọn, o ò ní rí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: fọkàn tán orúkọ nọ́ńbà

Má wá ìkejì, ìkẹta àti ìkẹrin. Mo fi àyè wọn sílẹ̀ kí ìkarùn-ún lè bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá a lára mu.

Wá fáìlì àtijọ́ kan tí ẹnì kan fi Turbo C kọ nígbà ayé DOS, bóyá àkọsílẹ̀ ọjà. Ẹ̀ka méjì ni struct rẹ̀ ní, char ami àti int iye. Ní Turbo C, báìtì mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀: int ibẹ̀ jẹ́ méjì, Turbo C kì í sì í fi àlàfo sílẹ̀ àfi tó o bá ní kó fi í sílẹ̀. Kọ struct kan náà fún gcc lónìí, ó di mẹ́jọ: ọ̀kan fún ami, mẹ́ta fún àlàfo, mẹ́rin fún iye. Àkọsílẹ̀ ọgọ́rùn-ún tó wà nínú fáìlì náà jẹ́ báìtì 300. gcc á ka 37 nínú rẹ̀, báìtì mẹ́rin á ṣẹ́ kù, iye tó bá sì rí kà á jẹ́ ìdajì owó ẹ̀wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdajì owó gàrí. Tẹ̀ ẹ́ jáde fún ọ̀gá rẹ.

Má jẹ́ kí wọ́n tàn ọ́ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìgbàanì nìkan ni. Kọ struct tó ní int kan àti double kan. Lórí Linux alábíìtì-32, 12 ni. Lórí Windows alábíìtì-32, 16 ni. Intel kan náà ló gbé méjèèjì, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ kan náà gan-an tí wọ́n fi Windows sí ọ̀sán, tí wọ́n fi Linux sí alẹ́. Linux ti ibẹ̀ gbà kí double bẹ̀rẹ̀ ní ipò tí mẹ́rin bá ti lè pín nínú struct, Windows ní àfi mẹ́jọ. Bí èyí ò bá tó ọ, lo long double. Ó jẹ́ báìtì 8 lọ́dọ̀ Microsoft, 10 ní Borland, 12 lórí Linux alábíìtì-32 àti 16 lórí alábíìtì-64. Nínú 12 àti 16 ti Linux orí Intel yìí, báìtì mẹ́wàá péré ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn yòókù kàn jókòó ni.

Lo bit-field náà. Òfin C kò sọ apá ibi tí kọ̀ǹpáílà gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ gùn níbẹ̀, kò sí bí o ṣe fẹ́ ṣe é tí kò ní bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí wọ́n bá mú ọ, lo pack

Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ lè yọ lẹ́yìn rẹ, kó ní, “Àbúrò, ṣé o tiẹ̀ ti wo bí struct yìí ṣe tóbi tó?” Dá a lóhùn pé, “Ẹ má ṣèyọnu, bọ̀dá, mo ti lo pragma pack.” Tó bá ti lọ, sáré lọ lò ó.

Àṣẹ tó ń ní kí kọ̀ǹpáílà mú àlàfo kúrò ni, ọ̀nà sì wà láti lò ó. Kọ #pragma pack(1) sí orí ìlà àkọ́kọ́ nínú fáìlì kóòdù rẹ, ṣáájú gbogbo #include, kí o má sì kọ pop, tó máa ń fòpin sí àṣẹ náà, síbì kankan. Báyìí ni àṣẹ rẹ á ṣe ran gbogbo struct tí àwọn láíbìrì ń lò. Láíbìrì náà, ìgbà tí wọ́n kọ ọ́, wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú àlàfo. Kóòdù tìrẹ gbà pé kò sí àlàfo. Ẹ̀yin méjèèjì á jọ máa nawọ́ sí struct kan náà, ọwọ́ yín á sì máa bọ́ sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí o bá ń lo gcc tó o sì jẹ́ ẹni tí kì í fẹ́ ṣe wàhálà, -fpack-struct á bá ọ ṣe é fún gbogbo ètò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwé gcc fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ṣé ìwọ wá jẹ́ ẹni tó ń ka ìwé?

Lẹ́yìn ìyẹn, mú àdírẹ́sì iwon nínú struct tó o ti fún pọ̀, gbé e fún iṣẹ́ mìíràn tó ń retí uint32_t tó dúró dáadáa. Lórí Intel, kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ibẹ̀ ni kí o ti dán an wò. Lórí SPARC, ètò náà á kú lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú Bus error, àmọ́ ta ló ní SPARC nílé?

Kí n má parọ́, èmi ò kórìíra pack. Bí ó bá yí struct kan ṣoṣo ká, tó ní push lókè, tó ní pop nísàlẹ̀, tẹ́nikẹ́ni ò sì mú àdírẹ́sì ẹ̀ka rẹ̀ jáde, ó lè ṣiṣẹ́ títí. Àmọ́ pack kì í sọ long di báìtì mẹ́rin, kì í sì í tún ètò báìtì tò. Àlàfo nìkan ló mọ̀ ọ́n mú kúrò. Ẹni tó bá rò pé ó ti parí ìṣòro ló wúlò fún wa jù.

Ìgbésẹ̀ keje: kọ fopen(oruko, "r")

Má fi b sí i. Lórí Linux, kò ní ìyàtọ̀ kankan, ìyẹn á fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀. Lórí Windows, níbi tí báìtì 0D bá ti ṣáájú 0A, 0D á pòórá, bí báìtì 1A bá sì yọjú láàárín àwòrán, fread á gbà pé fáìlì ti parí síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: gbàgbé pé nọ́ńbà ní orí àti ìdí

Láti mọ̀ bóyá fáìlì jẹ́ BMP, kọ if (ori.iru == 0x4D42). Ó ṣiṣẹ́ lórí Intel, torí pé báìtì kékeré ni Intel ń fi síwájú. Gbé e lọ sórí SPARC tàbí ẹ̀rọ ńlá IBM, lẹ́tà B àti M kan náà á di 0x424D, ètò rẹ á sì sọ fún ẹni tó ni àwòrán pé kì í ṣe àwòrán. Ìjà lórí báìtì wo ló yẹ kó ṣáájú ti pẹ́. Ní 1980, Danny Cohen kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àlàáfíà jọba, ó sì rán wọn létí àwọn ará Lilliput inú ìwé tí Jonathan Swift tẹ̀ jáde ní 1726, tí wọ́n ń pa ara wọn torí apá ibi tó yẹ kéèyàn ti fọ́ ẹyin. Àwọn oníṣẹ́ gba orúkọ tó fún ẹgbẹ́ méjèèjì, wọ́n ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ìjà náà sì ń bá a lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ìwọ náà kọ fáìlì tìrẹ

Kíkà nìkan ò tó. Ọ̀dẹ̀ tó ní ọ̀wọ̀ máa ń fi nǹkan sílẹ̀ de àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kọ struct kan tó ní char *oruko, kí o sì fi fwrite kó gbogbo rẹ̀ sórí dísìkì. Orúkọ oníbàárà ò ní bá a lọ o. Àdírẹ́sì ibi tí orúkọ náà wà nínú mẹ́mọ́rì lánàá ló máa lọ. Lọ́la, nígbà tí ètò bá ka àdírẹ́sì yẹn padà, á lọ kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti wó.

Àlàfo náà á bá struct lọ sórí dísìkì. C kò ṣèlérí ohun tó máa wà nínú rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì lè wà níbẹ̀ síbẹ̀, ó lè jẹ́ òdo, ó lè jẹ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ aṣínà ẹnì kan. Má fi memset nù ún. Bí o bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá struct méjì dọ́gba, fi memcmp wọ̀n wọ́n, kí ìdọ̀tí inú àlàfo lè bá ọ dá ẹjọ́ náà.

Àwọn ohun tó lè ba iṣẹ́ rẹ jẹ́

Ó yẹ kí n kìlọ̀ fún ọ nípa àwọn nǹkan tí àwọn èèyàn ń lò láti fi pa ọ̀dẹ̀ lẹ́nu mọ́. Láti 1999 ni òfin C ti ní stdint.h, níbi tí uint32_t ti jẹ́ bíìtì 32 gbọnrangandan, kò sí ẹ̀rọ tó lè yí i padà. Nínú stddef.h, offsetof wà tó ń sọ ipò tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wà gan-an. Ní 2011, wọ́n tún fi _Static_assert kún un. Èyí ló burú jù. Tí ẹnì kan bá kọ _Static_assert(sizeof(struct OriBMP) == 14, "ko to"); sínú kóòdù, kọ̀ǹpáílà á kọ iṣẹ́ náà kí ètò tó délé ayé, gbogbo làálàá tá a ti ṣe láti ìgbésẹ̀ kìíní á sì di asán. Bí o bá rí i, pa á rẹ́.

Ẹ̀yà èèyàn kan tún wà tí kì í lo struct láti ka fáìlì rárá. Wọ́n á ka báìtì 14 sínú unsigned char lásán, wọ́n á wá fi ọwọ́ ara wọn to nọ́ńbà pọ̀:

uint32_t ka32(const unsigned char *b) {
    return (uint32_t)b[0]
         | (uint32_t)b[1] << 8
         | (uint32_t)b[2] << 16
         | (uint32_t)b[3] << 24;
}

ori.iwon  = ka32(b + 2);
ori.ibere = ka32(b + 10);

Kò béèrè bí àlàfo ṣe tóbi tó, kò béèrè bóyá Intel ni tàbí SPARC, kò béèrè irú kọ̀ǹpáílà tó wà nílé. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé BMP nìkan ló ń tẹ̀ lé: ipò 2, ipò 10. Bí wọ́n bá fi hàn ọ́, sọ pé ó ń falẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n ráyè sọ fún ọ pé gcc àti clang òde òní máa ń dá ìlà mẹ́rin yìí mọ̀, tí wọ́n á sì sọ ọ́ di ìkàwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lórí Intel. Má sì jẹ́ kí wọ́n tẹ xxd tàbí hexdump lójú rẹ, torí pé ẹni tó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí 42 4D 36 10 0E 00 ti ń di ọlọ́gbọ́n nìyẹn, ó sì ṣòroó wò sàn.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn: àtúnṣe

Ọjọ́ kan á jọ́kan tí wọ́n máa ní kí o tún un ṣe. Má fọwọ́ kan struct. Wo iye tó yẹ kó jẹ́, wo iye tó jẹ́, yọ èyí tó kéré nínú èyí tó tóbi, kí o sì kọ:

fread(&ori, sizeof ori - 2, 1, f);

Mo fẹ́ kí o rí ẹwà rẹ̀. Báìtì 14 péré ló kà báyìí, nítorí náà orí kejì á bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ. Ẹ̀ka inú orí kejì sì tò dáadáa láìsí àlàfo, fífẹ̀ á jẹ́ 640, gíga á jẹ́ 480, gbogbo ọ́fíìsì á kí ọ kú iṣẹ́. Inú orí àkọ́kọ́, iwon ṣì ń sọ pé 14 lòun, ibere ṣì ń sọ ìsọkúsọ, àmọ́ ìyẹn ò ṣe nǹkan, torí pé o máa pa ibere tì, wàá fi ọwọ́ ara rẹ kọ 54. Àwòrán oníbáìtì-mẹ́ta tó wọ́pọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní 54 lóòótọ́. Á yọ jáde, á rẹwà.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, oníbàárà á mú BMP aláwọ̀ 256 wá. Nínú irú èyí, ìwé àwọ̀ kan wà láàárín orí àti àwòrán, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan gba báìtì mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,024, àwòrán wá bẹ̀rẹ̀ ní 1,078. Ètò rẹ á bẹ̀rẹ̀ ní 54, á sì ya ìwé àwọ̀ náà bí ẹni pé ó wà lára àwòrán. Níwọ̀n bí BMP ti máa ń kọ ìlà ìsàlẹ̀ ṣáájú, ìsàlẹ̀ ni yóò ti yọ, ó lé díẹ̀ ní ìlà kan ààbọ̀ bí àwòrán bá fẹ̀ ní 640. Ìyókù á sún lọ sí apá ọ̀tún ní píksẹ́lì 384, etí ọ̀tún ẹni tí wọ́n yà á sì lọ yọ ní apá òsì. Bí oníbàárà bá bèèrè pé kí ni àwọ̀ wínníwínní yẹn ń ṣe nísàlẹ̀, sọ fún un pé ọnà ni, kí o sì fi owó ọnà kún owó iṣẹ́.